Ara Ọmọ Kì í Ṣe Ìwé Ẹ̀sùn

Bí ọmọ ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń fi ojú wá láwùjọ wa, kì í ṣe oníṣègùn. A óò wo ọmọ, a óò wo ìyá, a óò tún wo ọmọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀ yóò béèrè bóyá omi ìwẹ̀ ọmọ kì í tutù jù. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ yóò béèrè iye ìgbà tí ìyá ń wẹ ọmọ lóòjọ́. Ìyá ọkọ kò ní béèrè ohunkóhun. Yóò ká aṣọ sókè, yóò ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, yóò sì mú kànrìnkàn. Ìdájọ́ ti parí nìyẹn. Ìyà ni ó kù, ara ọmọ ni yóò sì jẹ ẹ́.

Mo ń kọ àròkọ yìí láti tako ìdájọ́ náà, nítorí pé irọ́ ni, àti nítorí pé irọ́ yìí ń pa ọmọ lára. Àìsàn tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní eczema. Àwọn àgbà wa máa ń kó o pọ̀ mọ́ èélá, ifo, kúrúnà àti làpálàpá, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kúrúnà àti làpálàpá ní ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń fà wọ́n. Eczema kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ràn. Ẹ tẹ́ ọmọ tí ó ní in àti ọmọ tí kò ní in sórí ẹní kan náà láti ọdún dé ọdún, èkejì kò ní kó o lára èkíní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ó máa ń jáde lára ọmọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti awọ orí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ojúgun àti ẹ̀yìn apá. Nígbà tí ọmọ bá ti ń rìn dáadáa ni ó máa ń ṣí lọ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kì í sábà dé, ibẹ̀ sì ni ibi tí ìlédìí bò. Ibi tí ọmọ ń tọ̀ sí, tí ó ń yàgbẹ́ sí, ibi kan ṣoṣo lára ọmọ ọwọ́ tí a lè fi òótọ́ inú pè ní ibi ìdọ̀tí, òun gan-an ni àìsàn tí a sọ pé ìdọ̀tí ń fà yìí ń yẹra fún! Ọ̀rinrin ni ó ń dáàbò bo ibẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a ń nù nígbà gbogbo ni ó ń gbẹ, tí ó sì ń sán. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ilé ẹjọ́, ẹ̀rí yìí nìkan tó láti dá abiyamọ sílẹ̀.

Bí kò bá tó, ẹ jẹ́ kí a pe ìbejì wá jẹ́rìí. A kò lè sọ pé a kò mọ ìbejì, àwa tí Igbó-Ọrà wà ní ilẹ̀ wa. Oríṣi ìbejì méjì ni ó wà: àwọn tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, tí wọ́n jọra bí imumu, àti àwọn tí ó ti inú ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí wọn kò jọra ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ. Irú kejì yìí ni ó pọ̀ jù láàárín wa. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Dẹ́ńmáàkì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1993, fi hàn pé bí ọ̀kan nínú ìbejì ẹlẹ́yin kan bá ní eczema, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin tí èkejì náà ń ní in. Láàárín ìbejì ẹlẹ́yin méjì, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé Yorùbá. Inú kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì, ọmú kan náà ni wọ́n ń mu, abọ́ kan náà ni a fi ń wẹ̀ wọ́n, ọwọ́ kan náà ni ó ń fọ aṣọ wọn. Táíwò ń họra ní gbogbo òru, Kẹ́hìndé ń sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èérí ni, ta ni ó fi Táíwò han èérí?

Kí ni ó wá ń fà á? Awọ ara ènìyàn dà bí ògiri bíríkì, ọ̀rá tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè sì ni sìmẹ́ńtì tí ó so bíríkì náà pọ̀. Iṣẹ́ ògiri yìí ni kí ó má jẹ̀ẹ́ kí omi inú ara gbẹ jáde, kí ó má sì jẹ̀ẹ́ kí àjèjì wọlé. Àwọn ọmọ kan wà tí ògiri tiwọn fẹ́lẹ́ láti inú oyún wá. Ní 2006, Irwin McLean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Dundee, ní Scotland, fi hàn pé àbùkù nínú jíìnì kan, èyí tí ń darí bí ara ṣe ń ṣe purotéènì tí a mọ̀ sí filaggrin, wà lára nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, àti pé àbùkù náà ń mú kí eczema tètè bá ọmọ. Àbùkù yìí kò wọ́pọ̀ lára ọmọ Áfíríkà. Ọ̀nà mìíràn ni ògiri tiwa ń gbà fẹ́lẹ́, jíìnì tí ó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, bí ògiri bá ti sán, eruku, ọṣẹ àti oríṣiríṣi nǹkan yóò ráyè wọlé. Àwọn ọmọ-ogun ara yóò dìde sí ohun tí kì í ṣe ọ̀tá, ìjà yẹn ni ó ń yún ọmọ, ọmọ yóò họ ọ́, èékánná yóò sì tún fa ògiri ya sí i. Òótọ́ ni pé kòkòrò tí a ń pè ní Staphylococcus aureus máa ń pọ̀ lórí irú awọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dá kún ìyọnu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó rí kí ó tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí aláǹgbá ti ń rí ògiri tí ó lanu.

Ohun tí ó sì ń jogún ara rẹ̀ nínú ìdílé ni. Ibi tí ásímà tàbí eczema bá ti wà lára òbí ni ó ti rọrùn jù fún un láti yọjú lára ọmọ, ìdajì àjogúnbá ọmọ sì ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Mo ti jókòó níbi ìkómọ tí kò níye, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ìbéèrè tí wọ́n bi ìyálọ́mọ. N kò tí ì gbọ́ ibi tí wọ́n ti bi bàbá ọmọ bí awọ tirẹ̀ ti rí nígbà tí ó wà ní kékeré.

Láti ibo ni ẹ̀sùn èérí yìí ti wá? Àwọn kan yóò ní àwọn baba ńlá wa ni ó fi í lé wa lọ́wọ́. N kò gbà. Anthony Buckley, tí ó kọ ìwé kan nípa ìṣègùn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1985, ṣàlàyé èrò àwọn oníṣègùn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn: pé kòkòrò ń gbé inú ara olúkúlùkù ènìyàn nínú àpò tirẹ̀, pé ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀, àti pé ìgbà tí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó kún àpò rẹ̀ jáde, ni àìsàn ń dé. N kò sọ pé sáyẹ́ǹsì nìyí. Àwọn oníṣègùn wọ̀nyí náà a máa di ẹ̀bi ru oúnjẹ dídùn, nítorí náà ẹnu ìyá kò bọ́ pátápátá lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú èrò wọn, inú ara ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìwọ̀n bá ti yẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnìkan fi ọ̀bùn kó o wọlé.

Wolé-wolé ayé ìjọba amúnisìn ni ó kọ́ wa ní èkejì, òun àti iléèwé àwọn ajíhìnrere, níbi tí a ti kọ orin ìmọ́tótó títí ó fi wọ̀ wá lẹ́gungun. N kì í ṣe aláìmoore. Ìkòkò omi tí wolé-wolé ń yẹ̀ wò, ṣáláńgá tí ó ní kí a gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó fi àṣà kan sílẹ̀ fún wa, pé kí a máa ka gbogbo àìsàn inú ilé sí ìròyìn nípa ìwà obìnrin ilé náà. Nígbà tí a kò rí wolé-wolé mọ́ lójú pópó, a bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, a wọ̀ ọ́ fún ìyá ọkọ.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí burú ju àròyé lásán lọ ni oògùn tí ẹ̀sùn náà ń bí. Bí a bá ti gbà pé èérí ni, fífọ̀ ni a óò máa fọ̀ ọ́. Ọmọ titun ń bọ̀ wá sáyé pẹ̀lú ìpara tirẹ̀ lára, ọ̀rá funfun tí Ẹlẹ́dàá fi bò ó, tí ń mú kí awọ rẹ̀ rọ̀. Àwọn ìyá wa gbà pé bí a kò bá fọ̀ ọ́ dànù pátá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ náà yóò máa rùn tí ó bá dàgbà. Bẹ́ẹ̀ òórùn abíyá àgbàlagbà ti ibi orísun òógùn kan wá, tí kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọmọ yóò fi bàlágà. Nítorí òórùn ọdún mẹ́tàlá sí iwájú, a fi kànrìnkàn bó ohun tí ọmọ nílò lónìí. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a dúró fún wákàtí 24, ó kéré tán, kí a tó wẹ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Mo mọ̀ pé inú yóò bí àwọn tí ó ti sọ ọṣẹ dúdú di òrìṣà, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Inú èéru ni a ti ń fa agbára ọṣẹ náà jáde, ìbáà ṣe èéru èèpo kòkó tàbí ti ọ̀pẹ, omi èéru a sì máa jẹni lára. Awọ ara ènìyàn fẹ́ kíkan díẹ̀. Ọṣẹ lòdì sí kíkan yẹn, ó sì ń wẹ ọ̀rá kúrò láàárín bíríkì. Ara àgbàlagbà tí ó le lè gbà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta tí ó ti sán kò lè gbà á. Ọṣẹ òyìnbó tí a fi ń fọṣọ tí a sì tún fi ń wẹ̀ kò sàn jù ú lọ, oògùn apakòkòrò tí a ń dà sínú omi ìwẹ̀ sì burú ju méjèèjì lọ fún irú awọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ètò ìwẹ̀ ọmọ wa, apá tí ó mọ́gbọ́n dání jù ni èyí tí a ń yára ṣe tán: òrí tí a fi ń pa ọmọ lára nígbà tí omi kò tí ì gbẹ tán. Ìyẹn ni ó yẹ kí a gbé ga, kí omi ìwẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ìwẹ̀ má pẹ́, kí a sì sinmi kànrìnkàn. Òróró ólífì tí a ń rà nítorí pé ó wà nínú Bíbélì kò lè rọ́pò òrí: ìwádìí tí Yunifásítì Sheffield ṣe lára àgbàlagbà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013, fi hàn pé ṣe ni ó ń dín agbára ògiri awọ kù. Ẹ fi ta ọmọ lórí níbi àdúrà bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fi ra á lára.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ẹnu. Wọ́n ní kí abiyamọ má jẹ ẹyin, kí ó má jẹ ẹ̀pà, kí ó ṣọ́ra fún ẹja, títí obìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú yóò fi máa jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀. Ní 2012, Michael Kramer àti Ritsuko Kakuma ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ fún àjọ Cochrane, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, nínú oyún tàbí nígbà ìfọ́mọlọ́mú, ń dènà eczema. Ti ẹ̀pà tilẹ̀ yani lẹ́nu. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ 640 jọ, tí eczema wọn le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n ń fún apá kan ní oúnjẹ ẹlẹ́pà láti ìgbà tí wọn kò tí ì pé ọdún kan, apá kejì kò fẹnu kàn án títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ìròyìn náà jáde ní 2015: nínú àwọn tí àyẹ̀wò kò fi ohunkóhun hàn lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà dù ni ara wọn wá kọ̀ ọ́, àwọn tí ó jẹ ẹ́ kò pé ìdá méjì. (Ẹ̀pà lílọ̀ ni, kì í ṣe oníhóró tí ó lè há ọmọ lọ́fun, ọmọ tí eczema rẹ̀ bá sì le gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.)

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ní àwíjàre tiwọn. Wọn kì í sọ pé èérí ni. Wọ́n ní àrùn òyìnbó ni, àrùn àwọn tí ń gbé inú ilé tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí. Ìwádìí tí wọ́n pè ní ISAAC ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n bi àwọn ọmọ iléèwé ní orílẹ̀-èdè 56 ní ìbéèrè kan náà nípa ara yíyún, Ìbàdàn sì wà nínú àwọn ìlú náà. Nígbà tí èsì eczema jáde ní 1999, láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá, Albania ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nàìjíríà ni ó wà lókè, ó lé ní 17. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n kà, kì í ṣe ọmọ òyìnbó.

Ìdí tí a kò fi mọ̀ ni pé inú ìwé òyìnbó ni a ti kọ́ bí a ti ń dá a mọ̀. Ìwé ní awọ yóò pọ́n. Lára ọmọ dúdú, pípọ́n yẹn lè dà bí eérú tàbí kí ó dúdú kirikiri, ó sì lè yọ ní wóróworó bí ara ẹni tí òtútù mú, tí a óò ní ooru ni. Bí ó bá lọ, ó lè fi àbààwọ́n funfun tàbí dúdú sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ní 2020 ni Malone Mukwende, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St George's ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì, gbé ìwé kékeré kan jáde tí ó ń fi àmì àìsàn hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí pé kò rí i nínú ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní 2020! Ìlú yẹn kan náà sì ni ìwádìí kan ní 1995 ti fi hàn pé eczema wà lára nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ dúdú tí àwọn òbí wọn ti Karíbíánì wá, nígbà tí ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun kò ju bí 9 lọ.

Mo mẹ́nu ba Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé àwọn ìyá àgbà wa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ láti lọ wẹ ọmọ, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn nínú àpótí wọn. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, kì í hó bọ̀rọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ sì ń bá eczema rìn nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọ iléèwé ní agbègbè Nottingham ní 1998. Ìyá àgbà tí kò rí ìfófòó yóò fi ọṣẹ kún ọṣẹ. Yóò wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti fa gbogbo ọ̀rinrin rẹ̀ gbẹ. Ìfẹ́ ni ó ń fi ṣe é. Nígbà tí ara ọmọ bá bó, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni yóò bi léèrè ohun tí ó jẹ.

Ti ìpara kò gbọdọ̀ gùn. Ìyá tí a ti fi ẹ̀sùn lé sá yóò ra ohunkóhun tí ó bá lè fọ ẹ̀rí rẹ̀ nù kí ó tó di ọjọ́ Sunday. Ìpara alágbára kan wà tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà lọ́jà láìsí ìwé dókítà. Clobetasol, tí ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí ó lágbára jù lọ. Kíákíá ni ara ọmọ yóò dán. Bí a bá ń bá a lọ, awọ yóò tín-ín-rín, àìsàn náà yóò sì padà wá. Sítẹ́rọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá: èyí tí kò le, tí dókítà wọ̀n fún ọmọ, fún ọjọ́ díẹ̀, ni ó sábà máa ń paná ìjà náà.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, ó dára, bí kì í bá ṣe èérí, ìyá náà kò fi òrí pa ọmọ tó ni. Ẹ wo bí ẹ̀sùn ti ń wá aṣọ mìíràn wọ̀! Ní ilẹ̀ Bírítéènì, wọ́n pín ìkókó 1,394 tí eczema wà nínú ìdílé wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n ní kí àwọn òbí apá kan máa fi ìpara ra ọmọ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún méjì, eczema kò dín kù lára àwọn tí wọ́n ń ra. Òrí ń tu ara tí ó ti gbẹ. Kò sí ẹni tí ó tí ì fi hàn dájú pé ó lè dènà rẹ̀. Abiyamọ tí ó rà á àti èyí tí kò rà á, ọ̀kan kò jẹ̀bi ju èkejì lọ.

Ní ilé ìwòsàn aláboyún, a máa ń kọrin, a máa ń pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì a sì máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tó dé. Kí wọ́n pe ìyá ọkọ pẹ̀lú, kí bàbá ọmọ náà wà níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì mú kànrìnkàn titun kan jáde, kí ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́ bàbá náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, kí ó sì bi í bí ó ti rí lára rẹ̀.